Kí o tó pàdánù oorun nítorí Oba Femi

Àbúrò, mo rí ohun tí o kọ. O ní fídíò Oba Femi, ọmọ Nàìjíríà tó ń jìjàkadì ní WWE, iléeṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà tó máa ń kọ ìtàn àti àbájáde ìjà sílẹ̀ ṣáájú, lo rí lórí fóònù tó wù ọ́, o fẹ́ mọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, àti bóyá ó yẹ kí o máa jí lóru wo ìjà rẹ̀. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí nítorí Kofi Kingston.

Ọmọ Gánà ni Kofi, oníjàkadì WWE lòun náà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé WWE, wọ́n ní ọmọ Jàmáíkà ni, ó sì ń fọ èdè wọn fún wa títí di 2009. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ṣe ìgbákejì àwọn ẹlòmíràn. Ní February 2019, Mustafa Ali fara pa, wọ́n ní kí Kofi wá dí àyè. Ẹni tí wọ́n ní kó dí àyè yìí jà ju wákàtí kan lọ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ni àwọn èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn èrò ló kọ ìtàn yẹn, kì í ṣe àwọn tó ń gbowó ìtàn kíkọ. Ní April 7, 2019, ní WrestleMania 35, ètò ìjà WWE tó tóbi jù lọ́dún, ó na Daniel Bryan, ó gba bẹ́líìtì WWE lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Mo sunkún débi pé ìyàwó mi rò pé ẹnìkan ló kú.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, October 4, wọ́n ní Brock Lesnar, òmìrán oníjà kan, ló kàn láti bá a du bẹ́líìtì náà. Ọjọ́ yẹn ni SmackDown, ètò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ WWE, kọ́kọ́ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n Fox, aago kan òru ló sì bẹ̀rẹ̀ níbí. Mo pe ènìyàn mẹ́rin wá sílé, títí kan onígbàjámọ̀ àdúgbò wa tó máa ń sọ pé Kofi ò lè pẹ́ nípò. Mo ra súyà. Mo ra epo lítà mẹ́wàá sínú jẹnẹrétọ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn oníná ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Ìparí ètò ni wọ́n fi ìjà náà sí, a jókòó bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Agogo dún. Kofi fò mọ́ Lesnar. Lesnar gbé e léjìká, ó fì í, ó là á mọ́lẹ̀. Ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò mi wà nílé ìtọ̀. Nígbà tó jáde, ó bi wá pé, “Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?”

Gbọ́ mi dáadáa. Pé ó pàdánù kọ́ ló dùn mí. Kí a tó mí kanlẹ̀, oníjàkadì mìíràn, Rey Mysterio, ti mú Cain Velasquez, ẹni tó ti ja ìjà gidi rí, wọlé láti wá kojú Lesnar. Kofi padà sọ́dọ̀ àwọn New Day, ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń jó, kò bínú, kò ní kí wọ́n jẹ́ káwọn tún un jà, bí ẹni tí bàtà rẹ̀ já lọ́nà, tó jù ú sígbó, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Velasquez tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa ìtàn Kofi ńkọ́? Ní October 31, ní Saudi Arabia, Lesnar na òun náà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ọ̀mọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wá ń ṣàlàyé fún mi pé tẹlifíṣọ̀n tuntun ló fẹ́ ẹni tó jọ ojúlówó oníjà. Ta ló bi wọ́n? Àwọn kan á tún sọ fún ọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣé èmi ò mọ̀ ni? Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn: ẹnìkan ló jókòó, tó mú bírò, tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kò pé ọdún méjì, wọ́n tún kàn sílé wa. Apollo Crews, oníjàkadì WWE tí wọ́n bí ní Kalifọ́níà, di ọmọ ọba Nàìjíríà, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ yí padà lójijì. Ní WrestleMania 37, wọ́n pe ìjà òun àti oníjàkadì Big E ní ìjà ìlù Nàìjíríà. Igi ni wọ́n fi na ara wọn jù. Òmìrán tó wọlé wá gbè é, Commander Azeez, Babatunde Aiyegbusi ni orúkọ rẹ̀ gan-an, baba rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ ọmọ Poland. Babatúndé wà nílé, òun ni wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́!

Má fi owó ta tẹ́tẹ́ lórí ìjàkadì yìí o. Má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé dán an wò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dán an wò, apá rẹ̀ yẹ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, Oba Femi. Bẹ̀rẹ̀ láti January 2024, nígbà tó gba bẹ́líìtì North American ti NXT, ẹ̀ka WWE tó wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, lọ́wọ́ Dragon Lee. Ọjọ́ 273 ló fi dì í mú, kò sẹ́ni tó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo January 2025, ìgbà tó gba bẹ́líìtì àgbà NXT gan-an kúrò lọ́wọ́ Trick Williams. Ìyókù, wàá rí i fúnra rẹ. Èkó ló ti wá, ó ju irin fún yunifásítì Alabama, kò sì sẹ́ni tó gbé ìlù tì í. Tó bá pàdánù, má sunkún. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí o wò: ṣé wọ́n rántí, àbí wọ́n ní kó máa jó?

Ní ti jíjí lóru, mi ò jí mọ́. Mo máa ń pa dátà kí n tó sùn, tí ilẹ̀ bá mọ́ mo máa ń wò ó kí n tó jáde, pàápàá kí n tó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ yẹn. Títí dòní, bí mo bá jókòó sórí àga rẹ̀, á ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀jọ, kó tó tan ẹ̀rọ.