Wọn ò rí kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀ mi mọ́: ṣé kí n dá oògùn dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, apòògùn wa. Abúlé ni mò ń gbé, ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Láti ìgbà oyún ọmọ mi kejì ni mo ti ń lo oògùn HIV. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò kẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò rí kòkòrò náà mọ́. Bàbá tó ń bá mi po àgbo ní òun ló wò mí sàn, kí n fi oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ó ti tó oṣù kan báyìí. Ọkọ mi ò mọ̀ sí i. Ṣé mo ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Rárá o, ìyá. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Bí ọmọ bá ṣì wà lẹ́nu ọmú, ẹ má dúró di ọ̀la.

Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún yín, kòkòrò tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń kà. Kì í ka èyí tó sá pamọ́. Bí HIV bá ti wọ ara, ó máa ń rá wọnú àwọn sójà ara tí wọ́n ń pè ní CD4, á sì sùn síbẹ̀. Oògùn ò lè lé e jáde níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kó máa bí sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá dá oògùn dúró, èyí tó ń sùn á jí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti tún kún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n bí ọmọ kan pẹ̀lú HIV ní Mississippi, Amẹ́ríkà, ní 2010. Ó kúrò lórí oògùn, ó lé ní ọdún méjì tí àwọn dókítà ò fi rí kòkòrò kankan lára rẹ̀, gbogbo ayé ń yọ̀. Ní 2014, kòkòrò náà padà dé.

Ó wá ku bàbá alágbo. Ẹ̀ ń lo oògùn HIV, ẹ sì ń mu àgbo, kòkòrò wá dín kù. Èyí tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ló ṣiṣẹ́, ẹni tó gbowó ló gba ọpẹ́! Ẹ ní kó fi èsì àyẹ̀wò ẹni tí kò lo oògùn HIV rí, tí òun sì wò sàn, hàn yín. Ní 2007, Yahya Jammeh, ààrẹ Gáńbíà nígbà náà, kéde pé òun ní ewé tó ń wo HIV, ó sì ní kí àwọn aláìsàn pa oògùn wọn tì. Ní 2018, àwọn kan nínú àwọn tó yè gbé e lọ sí kóòtù. Mi ò ní gbogbo ewé ló burú. Àmọ́ kíndìnrín ló ń gbé tenofovir, ọ̀kan nínú oògùn tí ọ̀pọ̀ ń lò, jáde kúrò lára, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn àfi bàbá fúnra rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ti àgbo nìkan kọ́. Ike oògùn ń dún ṣaka-ṣaka nínú báàgì, nítorí náà ìyàwó ilé á da oògùn sínú ọ̀rá, á tì í bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ọ̀rinrin á bà á jẹ́ níbẹ̀. Inú ike ni kó wà, pẹ̀lú àpò kékeré tí wọ́n fi sí i. Ẹ ya ìwé ara ike dànù bó bá wù yín, kí ẹ ki òwú mọ́ ọn, kò ní dún mọ́. Àwọn mìíràn sì ń dúró de oúnjẹ kí wọ́n tó lò ó. Èyí tó jẹ́ ẹyọ kan lóòjọ́ tí ọ̀pọ̀ ń gbà báyìí ò dúró de oúnjẹ.

Ti ọkọ yín: àṣírí yín ni, òfin 2014 tó dáàbò bo àwọn tó ní HIV ní Nàìjíríà sì wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dá oògùn dúró, ẹ lè kó o ràn án, nítorí náà kọ́ńdọ́ọ̀mù di dandan. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ó lè nà yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún agbaninímọ̀ràn ilé ìwòsàn kí ẹ tó sọ fún un.

Mi ò yẹ̀ yín wò, àwọn tó mọ fáìlì yín ló máa sọ oògùn tí ẹ óò padà sí. Ẹ má purọ́ fún wọn pé ẹ̀ ń lò ó o. Bí wọ́n bá rí i pé kòkòrò ti pọ̀, wọ́n lè rò pé oògùn ò ràn yín mọ́, kí wọ́n yí i padà láìnídìí. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ dá a dúró, kí ẹ sì sọ pé ọ̀nà jìn, kí wọ́n lè ro ti oògùn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà fún yín bí ara bá ti balẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá jágbe mọ́ yín, ẹ jẹ́ kó jágbe. Ẹ ṣáà gba oògùn yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.