Èló Ni Másítáàsì Láíbìrì Ń Mú Wálé?

Lẹ́tà mẹ́rin ló dé lóṣù yìí lórí iṣẹ́ láíbìrì, gbogbo wọn láti ilẹ̀ Okun. Ti Kàbà la ó fi ṣíwájú, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Okun o, ẹ̀yin olóòtú. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà ní yunifásítì. Mo ń bójú tó láíbìrì ilé-ìwé aládàáni kan, ₦45,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ másítáàsì láíbìrì. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá ti ṣe é tán, owó náà á di ìlọ́po mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni? (Olùkà, Kàbà)

Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ó fo ibì kan. Ipò tí wọ́n bá fi gbani síṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹ kọ́kọ́ yéé fi ₦45,000 yẹn ṣe òṣùwọ̀n: láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lófin, àfi níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25.

Ní yunifásítì, CONUASS, ìwọ̀n owó oṣù tí wọ́n fi ń sanwó fún àwọn olùkọ́, náà ni wọ́n fi ń sanwó fún láíbìréríànì. Ẹni tó ní digirì àkọ́kọ́ nìkan sábà máa ń wọlé ní CONUASS 1, ẹni tó ní másítáàsì ní CONUASS 2, ìyẹn Assistant Librarian. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Librarian II, Librarian I, Senior Librarian, títí dé orí University Librarian tó wà ní CONUASS 7 pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní pọ́lì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, CONPCASS ni tiwọn. Ẹ fi sọ́kàn pé láti Senior Librarian sókè, Ph.D. ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ń béèrè, pẹ̀lú àpilẹ̀kọ tó ti jáde nínú jọ́nà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Ìpolówó iṣẹ́ jáde, “Library Officer” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èèyàn tó ní másítáàsì á ní kóun ṣáà kọ́kọ́ wọlé ná. CONTISS ni ipò yẹn wà, ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́. Lọ́dún mẹ́rin sí i, ó fẹ́ yí sí ẹ̀ka láíbìréríànì, wọ́n á ní kó wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti kúrò tipẹ́, ọdún tó ti lò kò sì ní kà fún ìgbéga. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ẹ wo orúkọ ipò náà, ẹ sì wo orúkọ ìwọ̀n owó oṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí CONTISS, ẹ béèrè kí ẹ tó kọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ tún mọ̀ pé iye tó wà lórí ìwé kọ́ ló ń dé báńkì. 8% á lọ sí owó ìfẹ̀yìntì (agbanisíṣẹ́ ń fi 10% tirẹ̀ kún un), 2.5% owó oṣù gangan (basic) á lọ sí owó ilé ìjọba (NHF), owó orí àti owó ẹgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti àpapọ̀ bí orúkọ ìwọ̀n náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Digirì Gẹ̀ẹ́sì yín kò burú, àmọ́ àwọn ìpolówó kan ń béèrè digirì àkọ́kọ́ nínú láíbìrì pàápàá. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó náwó. Bí ẹ bá parí, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn láíbìréríànì sílẹ̀, tí òfin 1995 gbé kalẹ̀. CLN tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn orúkọ, ibẹ̀ ló ti ń wá. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ nítòsí yín, yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Kàbà, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ABU náà wà níbẹ̀, Federal University sì wà ní Lọ́kọ́jà láti 2011. Ẹ tún wo yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Ọ̀sàrà.

Mo ní digirì láíbìrì, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé gíga ìjọba. Bí mo bá gba másítáàsì, ṣé léfẹ̀ẹ̀lì mi á sún? (Olùkà, Ìsánlú)

Kò ní sún fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti kọ̀wé béèrè, kí àyè sì wà. Àṣìṣe tó ń dùn wá jù ni ti ẹni tó lọ kàwé láìgba ìwé àṣẹ; wọ́n lè kọ ìwé-ẹ̀rí náà lọ́jọ́ tó bá gbé e dé. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó san owó ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ̀dà èsì náà sì wà lọ́wọ́ yín.

Àbúrò mi gba másítáàsì láíbìrì ní Ìbàdàn, ó ti wà ní Amẹ́ríkà báyìí. Ṣé ó lè fi ṣiṣẹ́? (Olùkà, Mọ̀pà)

Ó ṣòro díẹ̀. Àgbédeméjì owó láíbìréríànì níbẹ̀ tó bíi 64,000 dọ́là lọ́dún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ń fẹ́ másítáàsì tí ALA, ẹgbẹ́ láíbìrì Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí, ALA kò sì fọwọ́ sí ti ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní Nàìjíríà. Kó gbé ìwé-ẹ̀rí náà fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí òkèèrè, kó sì béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n pè mí fún íntáfíù láíbìrì. Kí ni wọ́n máa ń dán wò? (Olùkà, Ẹ̀gbẹ̀)

Wọ́n á gbé ìwé kan lé yín lọ́wọ́, wọ́n á ní kí ẹ kátálọ́ọ̀gì rẹ̀. Kì í ṣe àlàyé ẹnu nìkan. Kí ẹ ti mọ MARC sórí, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí láíbìrì fi ń ya abala àkọsílẹ̀ ìwé sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà: 100 fún òǹkọ̀wé, 245 fún àkọlé, 264 fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde, 300 fún iye ojú-ewé, 650 fún kókó ọ̀rọ̀. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú ní 100, orúkọ àwa ọmọ Nàìjíríà sì máa ń dani lójú rú, torí àwọn kan ń fi ti ìdílé ṣíwájú lórí ìwé wọn. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú-ewé àkọlé, ó sábà máa ń wà níbẹ̀.

245 ló ń mú èèyàn. Àmì kejì níbẹ̀ ń sọ iye lẹ́tà àti àyè tí kọ̀ǹpútà yóò fò bó bá ń to àkọlé: “The” jẹ́ 4, nítorí lẹ́tà mẹ́ta àti àyè kan, “A” jẹ́ 2. Ìwé Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òdo ni. A ti rí ẹni tó fi 4 sí gbogbo ìwé, gbogbo àkọlé rẹ̀ sì bọ́ síbi tí kò yẹ nígbà tí kọ̀ǹpútà tò wọ́n.

Lórí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, ètò méjì ló wà, Dewey àti LC (ti Library of Congress ní Amẹ́ríkà): èdè Yorùbá ni 496.333 ní Dewey, ní LC ó bẹ̀rẹ̀ láti PL8821. LC ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò. Bó bá jẹ́ ìwé ìtàn àwa Okun ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́, ẹ wo DT515.45.Y67, ibi tí àwọn Yorùbá Nàìjíríà wà.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ gbé Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí láíbìrì fi ń ṣiṣẹ́, sí i lórí Debian tàbí Ubuntu (irú ètò Linux). Ọ̀fẹ́ ni, orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí ẹ̀bùn lédè àwọn Māori ní New Zealand, níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ tẹ ìwé àádọ́ta sínú rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.