Ẹ Bi Ríwáyà: Rédíò Tó Ń Súfèé

Ìbéèrè
Ọ̀gá Ríwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Ọmọ mi ra rédíò tuntun sí Corolla 2005 mi, ó ní èyí tó wà níbẹ̀ ti di ti ayé àtijọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè é ni ọkọ̀ ti ń súfèé, “wíííí”. Bí mo bá ṣe ń tẹná sí i ló ń han sí i, kódà bí mo yí ohùn rédíò wálẹ̀ pátápátá. Bí mo bá tún gbé e kalẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ di ọjọ́ Ajé, kò ní sítáàtì mọ́. Ẹni tó de rédíò ní kí n pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.
Ìyá Tíṣà

Èsì
Ẹ kú ìnáwó bátìrì, mà. Láti 1996 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, bátìrì tí mo ti rí tí wọ́n pààrọ̀ láìṣẹ̀ láìrò kò lóǹkà. Àìsàn méjì ló ń bá ọkọ̀ yín jà, ọwọ́ kan náà ló sì jọ pé ó fa méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú súfèé. Alternator tó ń ṣáájì bátìrì ló ń pariwo yẹn. Iná tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá kì í jọ̀lọ̀, ìgbì-ìgbì ló ń wá, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe ń yára ni ìgbì náà ń yára. Bí ẹ́ẹ̀tì rédíò, ìyẹn wáyà dúdú tó yẹ kó dì mọ́ irin ara ọkọ̀, kò bá dì dáadáa, ìgbì náà á gba inú sípíkà jáde. Ẹ ní ó ń dún náà bí ẹ tilẹ̀ yí ohùn wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí lóore, nítorí ká ní láti ojú fóònù tàbí ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń wọlé ni, ì bá bá ohùn lọ sílẹ̀.

Kí ríwáyà tó mọṣẹ́ gbé mítà wá. Kó fi ẹsẹ̀ kan mítà sórí négétífù bátìrì, ẹsẹ̀ kejì sára wáyà dúdú rédíò, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí rédíò sì máa han gan-an. Bí mítà bá ju 0.2 fóòtì lọ, ẹ́ẹ̀tì kò dára. Kí wọ́n há ọ̀dà kúrò títí irin á fi máa dán, kí wọ́n tó de bóòtù. Mo ti bá ẹ́ẹ̀tì pàdé rí lára irin síìtì tó dípẹtà, èyí tó sì wà lára ọ̀dà kò ṣeé kà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra fílítà láti pa ariwo náà, ẹ ní kó kọ́kọ́ wọn ẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ bátìrì wá kù. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ẹ tẹ rédíò. Bó bá tàn, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. Wáyà yẹ́lò rédíò tuntun ló yẹ kó ní iná nígbà gbogbo, kó lè máa rántí aago àti sítéṣọ̀n. Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títẹ̀ nìkan ni wáyà pupa yẹ kó níná. Àmọ́ Toyota kì í lo àwọ̀ wọ̀nyẹn. Wáyà búlúù tó ní ilà yẹ́lò lára ni iná ìgbà gbogbo tiwọn, ti kọ́kọ́rọ́ jẹ́ àwọ̀ eérú, ẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ búráùn. Ẹni tó gé ẹnu wáyà tí ọkọ̀ bá wá, tí kò rí pupa, á kàn lọ́ pupa àti yẹ́lò pọ̀ mọ́ iná ìgbà gbogbo. Rédíò yín kì í sùn mọ́! Mo bá iná 500 milliampere tó ń jò lára Camry kan báyìí nígbà tí wọ́n ti pa á, èyí tó yẹ kó má ju 50 lọ. Bátìrì 45 Ah, ìyẹn èyí tó lè gbé 1,000 milliampere fún wákàtí 45, kò lè gbé 500 kọjá 90 wákàtí, ó kéré díẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ wá ka Ọjọ́bọ̀ dé ọjọ́ Ajé.

Ọmọ iṣẹ́ kan tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe èyí níṣojú mi: ó fẹ́ so àwọ̀ eérú mọ́ àwọ̀ eérú. Sípíkà iwájú ọ̀tún ni eérú ara rédíò tuntun, iná 12 fóòtì ni ti Toyota. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ẹ gba ẹnu wáyà tó gé lọ́wọ́ onítọ̀hún, kí ẹ ra wáyà àsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún Toyota ní ọjà pááttì. Kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kì í ṣe ká fi eyín bó wáyà ká fi téèpù dì í.

Ìbéèrè
Bàbá, dẹ́rẹ́bà ni mí ní Òṣogbo. Fíúùsì rédíò mi, 15 ampere ni, ó ń já lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi 30 sí i.

Èsì
Ọ̀rẹ́ yín kò ní wà níbẹ̀ nígbà tí wáyà bá ń jó. Fíúùsì ló ń kú kí ọkọ̀ má kú. Ẹ yọ rédíò kúrò lẹ́nu wáyà, kí ẹ wá fi 15 tuntun, èyí tó jẹ́ búlúù, sí i. Bó bá tún já, wáyà kan ti bó láàárín fíúùsì àti rédíò, irin ló ń ha á. Bí kò bá já, inú rédíò tàbí wáyà sípíkà ni kí ẹ lọ wò, pàápàá níbi tí wáyà ti gba rọ́bà ìdè ilẹ̀kùn kọjá, torí ṣíṣí àti títì ló ń jẹ ẹ́.

Ìbéèrè
Rédíò Toyota mi ń gbàgbé sítéṣọ̀n tí mo bá ti pa ọkọ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Èsì
Iná òkè inú ọkọ̀ ń kọ́? Bí òun náà kò bá tàn, ẹ yẹ fíúùsì tí wọ́n kọ DOME sí wò, nítorí lọ́pọ̀ Toyota òun kan náà ló ń bọ́ iná òkè àti iná ìgbà gbogbo tí rédíò fi ń rántí sítéṣọ̀n.