Páànù ló sọ òtítọ́ ahoro wa

Àbúrò mi, o ní abúlé tí wọ́n bí bàbá rẹ sí lápá Ìkọ̀lé ti di igbó, àti pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tí o bi ń sọ: "Ogun ló tú u." Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ìtàn ahoro tiwa. Méjì nínú rẹ̀ ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ogun yẹn ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Ta ni ò ní gbà á gbọ́ ní Èkìtì? Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò kúrò ní bùdó títí di 1893. Gbogbo ìwé tó sọ̀rọ̀ ogun náà ni mo ń ṣí kiri, mò ń wá orúkọ ahoro wa. N ò rí i. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ fúnra mi nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹsẹ̀ mi kọ nǹkan lábẹ́ ewé gbígbẹ. Mo fi àdá hú u. Páànù ni, ó ti dípẹtà débi pé ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ti fi ìka kọ 1948 sí i kó tó gbẹ. Ọdún 55 lẹ́yìn tí ogun parí! Mo jókòó sórí ògiri tó wó, omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó bá da sìmẹ́ńtì sílẹ̀, tó lé páànù sórí, ó rò pé àwọn ọmọ òun á jogún ibẹ̀ ni.

Má mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Mo mú un lọ, gbogbo ẹnu sì dákẹ́, torí wọ́n rò pé mo fẹ́ ta ilẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó tún dá mi lóhùn.

Àwọn ọkùnrin sọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó àti oyè tó jẹ. Ó dára, kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí ilé ṣe tú ni àwọn ìyá tí wọ́n gbé níyàwó wá síbẹ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá bàbá mi kan ló là á fún mi. Nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ìlú etí títì ni ilé-ìwé wà. Àwọn ọmọ á jáde lákùkọ, wọ́n á la odò kọjá, tí òjò bá sì dé, odò á kún. Ìyá kan lọ gba yàrá sílùú kó lè máa se oúnjẹ fún tirẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, àwọn ọkùnrin nìkan ló kù nídìí kòkó. Lọ́rì tó ń wá kó kòkó náà kò wọlé mọ́, torí ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn òkè. "A ò sá," ni Ìyá wí, "ọ̀kọ̀ọ̀kan la lọ."

Tí o bá ń béèrè ìgbà, má béèrè ọdún. Béèrè bóyá ó ṣẹlẹ̀ kí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú tó jà, ìyẹn 1918, tàbí lẹ́yìn ìwé ọ̀fẹ́, tàbí lẹ́yìn òmìnira 1960. Ìgbà tí orúkọ bá ti dá ọ lójú ni kí o lọ sí ilé tí ìjọba ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ sí, tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé àwọn òyìnbó tó ṣàkóso Èkìtì wà níbẹ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ orúkọ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, nítorí náà pè é sókè bí o ṣe ń kà á.

Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí àwọn tí o bẹ̀ lọ́wẹ̀ bẹ́ pèrègún kankan. Àwọn tèmi bẹ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ pé ojú oórì ni wọ́n fi sàmì sí. Di òní, n kò mọ ibi tí bàbá bàbá mi sùn sí.

Ìyá ọlọ kan ṣì wà níbẹ̀, ó ti rì dé ìdajì. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá, kò dáhùn. Ó wọ yàrá ìdáná, ó gbé ọmọ rẹ̀ jáde fún mi, òkúta roboto tó ti dán, ó ní: "Èyí nìkan ni mo lè rù."