Ìbéèrè Òǹkàwé: Yàrá Sinimá Nínú Ilé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Èmi àti ọkọ mi ń kọ́ ilé lọ́wọ́ nílùú Òṣogbo. A ti kọ́ ọ dé líńtẹ̀lì, a kò sì tíì kan òrùlé. A fẹ́ fi yàrá kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 15, ṣe yàrá sinimá fún gbogbo ẹbí. Sípíkà ni ọkọ mi fẹ́ ná owó tó pọ̀ jù lé lórí. Wọ́n tún ní kí n máa tọ́jú páálí ẹyin tí a óò lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ariwo má baà dí àwọn òbí wa, tí yàrá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ oorun. Kí ni ó yẹ kí a ṣe kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri? (Ìyá Ìbejì, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ilé, Ìyá Ìbejì, ilé á tura o. Àsìkò tí ẹ béèrè yìí gan-an ló dára jù, nítorí pé iṣẹ́ tí a kò ṣe nígbà tí ilé ṣì wà ní búlọ́ọ̀kù ló ń ba ọ̀pọ̀ yàrá sinimá jẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì pé kí wọ́n fi owó sípíkà pamọ́ ná. Sípíkà kò ní tán lọ́jà, ṣùgbọ́n ògiri tí a bá ti rẹ́ tí a sì ti kùn, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ tún un fọ́.

Ní ti páálí ẹyin, ẹ má wulẹ̀ kó o jọ. Ohun méjì ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀: kí ohùn má jáde kúrò nínú yàrá, àti kí ohùn má máa ta padà nínú yàrá. Ohun tí ó wúwo, tí kò sì ní àlàfo, ló ń dá ohùn dúró. Páálí ẹyin fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ògiri búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9 tí a rẹ́ níhà méjèèjì ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Òkè ni ohùn máa ń gbà sá lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ògiri tó wà láàárín yàrá méjì kì í ga kọjá ibi tí sílíǹgì yóò dúró sí, gbogbo òkè àjà yóò sì ṣí sílẹ̀ gbayawu láti yàrá dé yàrá. Ohùn á gba sílíǹgì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gòkè, á fo ògiri, á sì sọ̀kalẹ̀ sórí ibùsùn àwọn òbí yín, bí ó ti wù kí ògiri náà nípọn tó. Nítorí náà, kí káfíńtà tó gun òkè, ẹ ní kí bíríkìlà gbé ògiri tó pààlà pẹ̀lú yàrá wọn ga títí dé ibi tí páànù yóò wà, kí ó sì padà wá fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo àyè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá kan òrùlé tán. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀kùn ló kàn. Ẹ má lo ilẹ̀kùn pílíwúùdù tí inú rẹ̀ ṣófo. Igi gidi ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lẹ rọ́bà yí férémù rẹ̀ ká. Bí ẹ bá ń rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ohùn náà ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ògiri ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 ni kí ẹ gbé aṣọ sinimá kọ́. Aṣọ 100 íǹṣì, tí a wọ̀n láti igun dé igun, fẹ̀ tó 87 íǹṣì, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Ẹni tó bá ń wò ó yẹ kí ó jókòó sí ibi tí ó jìnnà sí i ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 13. Nínú yàrá yín, 11 ni èmi yóò mú, kí àga má baà fẹ̀yìn kan ògiri ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ìlù tó ń dún kíkankíkan máa ń kó jọ sí, tí yóò sì bo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré mọ́lẹ̀.

Páìpù ni ẹ gbọ́dọ̀ rì sínú ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ: ọ̀kan láti ibi tí ẹ̀rọ yóò wà lọ sí òkè níbi tí projector (ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sórí aṣọ) yóò rọ̀ sí, àti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi sípíkà márùn-ún, mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tí wọ́n yóò fà sẹ́yìn díẹ̀. Kí páìpù projector jẹ́ oní-íǹṣì 2, nítorí orí wáyà HDMI, tó ń gbé àwòrán àti ohùn lọ sínú projector, kì í wọ inú páìpù tí àwọn oníná ń lò fún gílóòbù. Ẹ fi okùn tí ẹ óò fi fa wáyà sílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ sì má ṣe jẹ́ kí wáyà iná mànàmáná bá wọn gba inú páìpù kan náà.

Kí ohùn má baà máa ta padà nínú yàrá, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn, kí ẹ sì ní kí káfíńtà kan férémù igi bíi mélòó kan, kí ó kó rockwool (ohun bí òwú tí a fi òkúta yíyọ́ ṣe) sínú wọn, kí ẹ sì fi àdìrẹ bò wọ́n. Ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí aṣọ náà wò lọ́jà: bí èémí bá kọjá, ohùn á kọjá dé inú rockwool. Aró àdìrẹ dúdú tó, ó sì bá yàrá sinimá mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fóòmù tìmùtìmù rọ́pò rockwool. Ní oṣù Kejì ọdún 2003, irú fóòmù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ijó kan ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà gbiná, ènìyàn 100 ló kú. Ní ọdún 2013, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nílùú Santa Maria ní Brazil, ẹ̀mí 242 ló sì bá a lọ. Májèlé ni èéfín rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, ilé tí mo háyà ní Ìkòròdú ni mo ti ń lo projector. Gílóòbù rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán rẹ̀ sì máa ń ṣá lọ́sàn-án. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gílóòbù projector máa ń gbóná gan-an, fáànù inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa á. Bí NEPA bá mú iná lójijì, fáànù á dúró, ooru á há sínú, gílóòbù á sì fara gbá a. Ẹ gbé e sórí UPS tàbí inverter, ẹ̀rọ oníbátìrì tí kì í jẹ́ kí iná já. Bí projector àti amplifier yín bá jọ ń jẹ 600 wáàtì, fíìmù wákàtí mẹ́ta yóò jẹ 1,800 wáàtì-wákàtí (600 lọ́nà 3). Bátìrì 12 volt, 220Ah kan gba nǹkan bí 2,640 wáàtì-wákàtí (12 lọ́nà 220), ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́, nítorí náà méjì ni ẹ nílò, láìka ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra projector, ẹ wá oní-laser, tí kò ní gílóòbù tí à ń pààrọ̀.

Ní ti àwòrán tó ń ṣá, projector kò lè tan òkùnkùn. Ibi tó dúdú nínú àwòrán jẹ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dé, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé á sì wá gba ibẹ̀. Ẹ ta kọ́tìnì oníṣẹ́po méjì, kí ó gùn kọjá férémù fèrèsé lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sílíǹgì funfun náà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sórí aṣọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé láti kun apá tó súnmọ́ aṣọ náà ní àwọ̀ tó ṣókùnkùn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè kun yàrá sinimá mi ní pupa, kí n sì lo àga aláwọ tó ń dán? (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Pupa á ràn mọ́ ojú àwọn òṣèré lórí aṣọ, àga tó ń dán á sì máa tan ìmọ́lẹ̀ sí yín lójú. Àga aṣọ ni kí ẹ rà, nítorí pé awọ á lẹ̀ mọ́ ara yín ní gbàrà tí iná bá lọ tí amúlétutù sì dákẹ́. Bí pupa bá wù yín dandan, ẹ fi kun ògiri ẹ̀yìn tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí, kí ọ̀dà náà má sì jẹ́ èyí tó ń dán.