Yàrá Inú Pákí

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mò ń yan ní Arówómọ́lẹ̀ níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS1 ń kàwé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní nǹkan kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko tó ń jẹ́ vacuole, àyè tí omi ń gbé ni. Mo bi í pé kí ni àyè ọ̀hún wà fún, ó ní tíṣà ò sọ. Ìkejì ni pé àwọn oníbàárà ń dà mí láàmú pé kí n máa yan gàrí lọ́jọ́ tí mo bá lọ̀ ọ́, pé tàwọn ẹlòmíì ń yá ju tèmi lọ. Ṣé kí n gbọ́ tiwọn?
Ìyá Alágàrí

ÌDÁHÙN: Ìyá Alágàrí, ẹ kú ooru iná. Ẹ rò pé ìbéèrè méjì lẹ bi mí, ọ̀kan ṣoṣo ni.

Kí n tó fẹ̀yìntì, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń ya sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara ohun alààyè, fún mi rèé: wọ́n á ya róbótó kan, wọ́n á kọ nucleus, tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, sáàárín, wọ́n á wá kọ vacuole síbi tó bá ṣófo jù. Ó tán. Maikirosíkóòpù kan ṣoṣo la ní, dígí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti sán. A máa ń bó awọ àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó kán áyódínì sí i, wọ́n á tò láti yọjú wò ó. Ohun tí wọ́n ń rí jọ ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́. Wọ́n á pariwo! Ìwé ò fún ẹnikẹ́ni nírú ariwo yẹn rí.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko tó ti gbó, vacuole lè gba ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ̀fọ́ bá rọ lórí àtẹ, omi inú vacuole ló dínkù. Ṣùgbọ́n yàrá ìpamọ́ ni pẹ̀lú. Sẹ́ẹ̀lì a máa kó ṣúgà síbẹ̀, a máa kó àwọ̀ síbẹ̀, àti májèlé pàápàá.

Ẹ wo ti pákí. Inú vacuole rẹ̀ ni èròjà kan tó ń jẹ́ linamarin ń gbé, kò sì pa pákí lára. Èyí tó lè tú u, linamarase, wà lọ́tọ̀, lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí vacuole ká ni ò jẹ́ kí wọ́n fojú kanra. Bí eku bá wá gé pákí jẹ, awọ a fà ya, àwọn méjèèjì a pàdé, sáyánáìdì, májèlé tó ń pani, a jáde. Iṣẹ́ eyín eku yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ pákí ń ṣe.

Àmọ́ ó ń gba àkókò. Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta tí pákí fi wà nínú àpò, linamarase ń ṣiṣẹ́ lọ. Jáàkì á fún díẹ̀ nínú sáyánáìdì náà jáde mọ́ omi, ìyókù á bá oru lọ lórí agbada, torí nǹkan bí 26°C ni sáyánáìdì ti ń hó. Bí ẹ bá yan án lọ́jọ́ kan náà, iná á pa linamarase nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí, linamarin tó ṣẹ́kù á sì bá gàrí lọ sílé oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ju pákí kíkorò lódindi sínú omi tó ti ń hó.

Ibi tí sáyánáìdì ti ń ṣọṣẹ́ ni mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì wa ti ń fi afẹ́fẹ́ sọ oúnjẹ di agbára. Ẹ̀jẹ̀ á gbé afẹ́fẹ́ dé, sẹ́ẹ̀lì ò ní lè lò ó. Ìyá tèmi náà yan gàrí. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan mu omi pákí nínú kòtò, ó ń mí gúlegúle, ó sì kú. Ẹni tó ni ín ò kí ìyá mi fún oṣù mẹ́ta, ó ní wọ́n fi nǹkan sí i ni. Nígbà tí mo débi mitochondria nílé ẹ̀kọ́, ewúrẹ́ yẹn ni mo rántí.

Nítorí náà, ẹ má dá àwọn oníbàárà yẹn lóhùn. Kí ọmọ yín wá fi ọ̀bẹ bó awọ àlùbọ́sà wá fún tíṣà rẹ̀. Kòtò omi pákí tiyín ńkọ́, ṣé ẹ ti bò ó?