Tàǹtí, mo délé àmọ́ iṣẹ́ ò kúrò lára mi

ÌBÉÈRÈ: Tàǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni mò ń gbé, bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ Krake, láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń ṣe kílíárìn fáwọn oníṣòwò. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ àmọ́ wàhálà ẹ̀ ti pọ̀ jù, tírélà á dúró sójú kan látàárọ̀, ẹlẹ́rù á máa pè mí láti Èkó, dírẹ́bà á máa pariwo, kọ́sítọ́ọ̀mù á ní ìwé kan ò pé, Faransé ni wọ́n sì fi ń sọ gbogbo ẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ọ dáadáa. Tí mo bá délé lálẹ́ màá mu bíà ìgò méjì, màá dùbúlẹ̀ máa wo TikTok, oorun ò ní wá. Gbogbo Sọ́ńdè ni mo fi ń sùn, síbẹ̀ tó bá di Mọ́ńdè ó ti tún rẹ̀ mí. Mi ò ní ẹnì kankan níbí. Báwo lèèyàn ṣe ń sinmi nílùú onílùú?
Ọmọ Ẹ̀gbá, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú, o kú làálàá. Ẹni tó bá ti gba Krake kọjá rí lọ́sàn-án gangan mọ̀ pé o ò parọ́. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ọ̀lẹ ni ẹ́, torí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fúnra wọn kọ irú àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń dá síni lára yìí sínú ìwé wọn lọ́dún 2019.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, àmọ́ tí oko bá tẹ̀lé èèyàn wọlé ńkọ́? Fóònù tí ẹlẹ́rù fi ń pè ẹ́ náà lo gbé sórí ìrọ̀rí yẹn. Ra fóònù kékeré oníbọ́tìnnì kan, kó síìmù iṣẹ́ sínú ẹ̀, tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́ pa á, kí o ti sọ fáwọn kọ́sítọ́mà ẹ pé aago méje àárọ̀ lo máa dá wọn lóhùn. Ẹrù tó há lálẹ́, ìpè kọ́ ló máa tú u sílẹ̀. Ní ti bíà, òótọ́ ni pé ó ń kunni lóorun, àmọ́ ó máa ń já oorun ọ̀hún láàárín òru, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ ní Mọ́ńdè. Dín in kù.

Èyí tó dùn mí jù nínú lẹ́tà ẹ ni pé o ò ní ẹnì kankan. Níbí ńkọ́, Àjàṣẹ́ tí Yorùbá kún fọ́fọ́! Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọrin ò wọ́n, tó bá sì jẹ́ mùsùlùmí ni ẹ́, lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá táwọn àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Brazil, kí o jókòó díẹ̀ lẹ́yìn ìrun kí o báwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Wá ẹgbẹ́ kan, ì báà jẹ́ ti bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ ládùúgbò, ibi tí wọ́n á ti máa béèrè ẹ tí wọn ò bá rí ẹ.

Tí o bá fẹ́ ibi tó tutù, ọgbà Jardin des Plantes wà nígboro, igbó ọba ni tẹ́lẹ̀, àwọn igi ńláńlá ṣì wà níbẹ̀. Songhaï, oko ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀, náà wà ní Ouando, ọmọ Nàìjíríà bíi tìẹ, Fadá Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1985, o lè jẹun níbẹ̀ kí o wo bí wọ́n ṣe ń sin ẹja. Àmọ́ tèmi, Adjarra ni mo fẹ́ràn jù. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà ẹ̀, gun zémìjàn, ọ̀kadà tibí, lọ, kò jìnnà. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìlù, wàá rí bí wọ́n ṣe ń fa awọ mọ́ ẹnu igi, wọ́n á gbá èèkàn kan wọlé, wọ́n á fìka kan awọ, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á tún gbá òmíì, títí ohùn ẹ̀ á fi jáde. Lẹ́yìn náà wọ ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n wà ẹ́ kọjá láàárín igi ọ̀gọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ níwèé ẹrù níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, tí o bá gbọ́ pé wọ́n ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, gba ọ̀nà Sákétẹ́ àti Pobè lọ. Ẹ̀fẹ̀ alẹ́ yẹn, ẹ̀rín tí wàá rín níbẹ̀, èmi ò rí irú ẹ̀ níbòmíì.

Ṣùgbọ́n tóorun ò bá wá síbẹ̀síbẹ̀, tàbí àyà ń já ẹ, tàbí ayé ń sú ẹ, má dá a gbé, lọ rí dókítà, kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ náà.

Faransé yẹn sì wà nínú ohun tó ń dáyà já ẹ ní Krake. Kọ̀wé padà, sọ àdúgbò tí o wà fún mi, màá bá ẹ wá ẹni tó máa kọ́ ẹ.